Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kọ̀ Fún Bàbá Cornwall

Arthur ni orúkọ bàbá náà. Ó rọrùn fún mi láti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, torí pé ìwé kò lójú, kò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá dúró níwájú wọn, tí máníjà ní kí n pe orúkọ náà jáde, ahọ́n mi á kọ̀ jálẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ yẹn ló sì gbé físà mi dání. Bí iṣẹ́ bá lọ, físà lọ nìyẹn, Abẹ́òkúta ló kù.

Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi ń ṣe àdìrẹ, ìyá tó bí wọn náà ṣe é, kò sì sí ìgbà tí aró kì í hàn léèékánná àwọn méjèèjì, títí kan ọjọ́ ọdún Iléyá. Èmi ni mo ní mo gbọ́n jù wọ́n lọ, tí mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Kútọ̀. Nígbà tí mo dé Ìlú Ọba, ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè tíṣà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo bá ara mi, ní ìlú kékeré kan ní Shropshire, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ kó tẹ́ni lọ́rùn, tí kì í sì í dá.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi nílé títí ó fi sú mi, mo sì ti ra kóòtù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ní Ìtòkú, kí n tó ti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, mo ti kí ènìyàn títí ẹnu mi á fi gbẹ: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjà, àrẹdú o fún àwọn aláró. Ní Shropshire, mo kí ìyá àgbà kan níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo sì tẹ orúnkún díẹ̀. Ìyá náà wò mí, wọ́n fa báàgì wọn mọ́ra. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi níbẹ̀.

Ẹ̀rù kejì bà mí lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ mú ṣíbí lọ́wọ́ níwájú ìyá arúgbó kan, ó ní, "Dorothy, la ẹnu." Dorothy! Mo wo òkè, mo ń retí kí àrá sán. Àrá kò sán. Ìyá náà la ẹnu, wọ́n jẹun, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà.

Janet, máníjà wa, ló ṣàlàyé fún mi. Obìnrin tó ń yára rìn ni, tó sì ń yára sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn burúkú.

"Orúkọ ni ọ̀wọ̀ níbí," ó ní. "Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yìí ló ti sọ orúkọ tó fẹ́ kí á máa pe òun. Òun ni kí o máa pè. Iyè ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń rá. Bí a kò bá pe orúkọ wọn fún wọn lójoojúmọ́, ta ni yóò rán wọn létí ẹni tí wọ́n jẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà yé mi, ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yéni kò ní kí ẹnu gbà á. Èmi tí n kò pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ rí, tó jẹ́ pé Bọ̀dá mi ni mò ń pè wọ́n di òní! Mo bá dá ọgbọ́n tèmi. Mo máa ń rìn lọ síwájú ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, màá tẹ orúnkún díẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Yàrá bàbá tí mò ń sọ yìí ló gbẹ̀yìn lápá òsì. Tíṣà ni àwọn náà tẹ́lẹ̀, ìtàn ni wọ́n fi ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, wọ́n sì lè gbàgbé pé àwọn ti jẹun kí ọwọ́ tó gbẹ. Ṣùgbọ́n máàpù ńlá kan wà lára ògiri wọn, tó pín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí kàńtì kàńtì bí wọ́n ṣe pín tiwa sí ìpínlẹ̀, kò sì sí orúkọ kan lórí rẹ̀ tó tíì kúrò lọ́pọlọ wọn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ tún ibùsùn wọn ṣe, wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti wá.

"Nàìjíríà ni, sà."

"Níbo ní Nàìjíríà?"

Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè kejì yẹn rí. Mo ní Abẹ́òkúta. Wọ́n gbìyànjú láti pè é, ó sì jáde dáadáa díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Mo sọ fún wọn pé abẹ́ òkúta náà ni, pé ogun lé àwọn baba wa kúrò nínú igbó, wọ́n sì rí ààbò lábẹ́ àpáta ńlá kan. Bàbá fọwọ́ lu itan.

"Ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ìdí tí ẹ fi wà níbẹ̀! Tiwa ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Wá, wá wo tiwa."

Báyìí ni ẹ̀kọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń nu fèrèsé, àwọn á máa na ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sí máàpù. Essex, wọ́n ní Eastseaxe ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, pé àwọn Sásónì tó tẹ̀dó síhà ìlà oòrùn ni. Sussex ni ti gúúsù. Norfolk ni àwọn ènìyàn àríwá, Suffolk ni àwọn ènìyàn gúúsù. "Kì í ṣe orúkọ ilẹ̀ ni wọ́n," bàbá ní, "orúkọ àwọn tó wá gbé ilẹ̀ ni." Kent ti wà kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé rárá, ó sì jọ pé etí ilẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, níbi tó ti kan òkun. York ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹnu tó ti gbà kọjá pọ̀. Àwọn ará Róòmù kọ ọ́ ní Eboracum. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n ní Eoforwic. Àwọn ará Denmark fi ogun gbà á, wọ́n ní Jórvík. Nígbà tó yá ó rẹ̀ ẹ́, ó di York.

"Shropshire tí a wà yìí ńkọ́, sà?"

"Scrobbesbyrigscir," bàbá ní, wọ́n sì gbádùn ojú tí mo ṣe. "Àwọn Nọ́máànì tó wá ṣẹ́gun kò lè pè é. Wọ́n lọ́ ọ títí ó fi di Salop. Di òní, bí o bá dé àárín ọjà, wàá gbọ́ Salop. Nottingham náà, S ló wà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Snotingaham. Wọ́n gé e lórí, ó sì wà láàyè."

Mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì rọ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti gé orúkọ tèmi ku ìdajì lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, wọ́n ní ó gùn jù. Mo ti ń bínú sí i lábẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò bínú tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí bàbá wá ní kí n máa pe àwọn ní Arthur ni wàhálà dé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kò ṣeé ṣe. Mo ṣàlàyé pé nílé wa, a lè fi ibi tí àgbàlagbà ti wá pè é, tàbí ibi tó ti ṣiṣẹ́. Àbúrò bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà ní Ewékorò títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, Bàbá Ewékorò sì ni gbogbo agboolé ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ kò mọ orúkọ wọn títí wọ́n fi kú.

"Níbo ni wọ́n ti bí yín, sà?"

Wọ́n fi ọ̀pá kan ìsàlẹ̀ máàpù lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti tín-ínrín wọ inú òkun. "Cornwall."

"Ẹ̀yin ni Bàbá Cornwall nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní ṣé mo mọ ohun tí mo pe àwọn? Wọ́n ní ìwo ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ìwo. Ìyókù rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà fi ń pe àjèjì.

"Àwa la ni ilẹ̀ o," bàbá ní. "Àwọn ló bá wa níbẹ̀. Wọ́n wò wá lójú, wọ́n ní àjèjì ni wá. Láàárín ara wa, Kernow ni à ń pè é."

Mo ní ó yé mi, pé àwa náà ń gbé Èkó jẹ́ẹ́jẹ́ kí Potogí tó dé tó pè é ní Lagos. Bàbá ronú sí i díẹ̀. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Bàbá Cornwall náà, pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rán àwọn létí ilé.

Bí mo ṣe ń rìn lọ sí yàrá tí mo háyà, ọ̀rọ̀ yẹn ń bá mi lọ. Ìtòkú tí wọ́n bí mi sí kọ́ ni Ìtòkú àkọ́kọ́. Inú igbó Ẹ̀gbá ni ìlú náà wà kí ogun tó fọ́ ọ. Nígbà tí àwọn baba wa dé abẹ́ Olúmọ, àwọn tó ti Ìtòkú wá kó jọ síbì kan, àwọn tó ti Ìjẹmọ̀ wá kó jọ síbì kan, bẹ́ẹ̀ ni Kẹ́mta, bẹ́ẹ̀ ni Ìgbẹ̀in, olúkúlùkù sì fi orúkọ ìlú tó ti jóná pe àdúgbò tuntun. Ẹni tí kò lè gbé ilé, orúkọ ló gbé. Mo bi ara mi pé kí ni èmi gbé wá. Àpótí kan, àdìrẹ tí n kò rí ibi wọ̀ ọ́ lọ, àti ẹnu tí kò gbà láti pe àgbà lórúkọ. Ó dà bíi pé bí mo bá sọ ìyẹn náà nù, wọn ò ní dá mi mọ̀ nílé mọ́.

Susan ni ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá ní. Ó jù mí lọ dáadáa. Ẹ má bínú pé mò ń sọ ọ́ bí ẹgbẹ́ mi. Ó ṣẹ̀ mí nígbà náà, ó sì ti mọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀nà jíjìn ló ti máa ń wakọ̀ wá ní Sátidé. Ní Sátidé kan, mo gbé tíì wọlé bí mo ṣe máa ń gbé e, mo ní, "Bàbá Cornwall, tíì yín rè é."

Susan gbójú sókè. "Kí lo pe bàbá mi?"

Mo tún un sọ, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé àwàdà wa máa dùn mọ́ òun náà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá mi ní orúkọ. Arthur ni. Wọn kì í ṣe ẹrù tí wọ́n kọ ibi tó ti wá sí lára. Ṣé o tiẹ̀ mọ ohun tó wà nínú Cornwall tí ò ń pè yẹn? Àjèjì ni! Nínú ilé tí wọn ò ti fi bẹ́ẹ̀ dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, àjèjì lo rí pè wọ́n!"

Bàbá ni mo wò, pé kí wọ́n gbà mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò dára ni fún wọn, iyè wọn ti rìn jìnnà. Wọ́n ń wo tíì náà bíi pé wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n yíjú sí Susan, wọ́n tọ́ka sí mi.

"Ta ni obìnrin yìí?"

Susan gbé báàgì rẹ̀, ó di ọ́fíìsì Janet.

Ní ọjọ́ Ajé, Janet ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n jókòó. Mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, torí kò yára sọ̀rọ̀.

"Susan ti fẹjọ́ rẹ sùn," ó ní. "Ó ní o kọ̀ láti pe bàbá òun lórúkọ, pé o fi wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ yìí fún ọ. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a máa jókòó lé e lórí, pẹ̀lú ẹnìkan láti ọ́fíìsì àgbà. Bí wọ́n bá ní ìwà àìbọ̀wọ̀ ni..."

Kò parí rẹ̀. Mo mọ ìyókù. Ilé iṣẹ́ tó bá dá mi dúró fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kò ní fi orúkọ mi sílẹ̀ lórí físà wọn.

Àìbọ̀wọ̀! Èmi! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ lọ. Rárá, irọ́ ni mo ń pa. Iṣẹ́ ló ń dẹ́rù bà mí jù, ọ̀rọ̀ yẹn ló tẹ̀ lé e.

Mo pe ìyá mi lórí fídíò ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n jókòó sáàárín aṣọ, ẹnìkan ń lu àdìrẹ lẹ́yìn wọn, pàpà, pàpà.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ojú ẹ?"

"Wọ́n ní n ò bọ̀wọ̀ fún àgbà, Ìyá mi."

"Ìwọ kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ro gbogbo rẹ̀. Ìyá mi ní kí ẹni tó ń lu aṣọ sinmi ná.

"Bàbá ọ̀hún, wọ́n á tó ọmọ ọdún mélòó?"

"Wọ́n ju ọgọ́rin lọ, mà."

"Wọ́n sì ní kó o pè wọ́n lórúkọ gbọgbọrọ? Asitagafurulai! Èmi tí mo wọ ilé bàbá ẹ, ọmọ ìkókó tí mo bá nílé, n ò pè é lórúkọ rí. Akọ́wé ni mò ń pè é, ó ti bímọ, ó ti ní ọmọọmọ, Akọ́wé náà ni." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ilé onílé lo wà. Pè é, ọmọ mi, Ọlọ́hun mọ ọkàn. Má torí orúkọ padà wálé. Kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn tó ń bi mí léèrè ẹ ní Ìtòkú? Pé ọmọ mi ò lè sọ Átọ̀?"

Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n rí i pé orúkọ àgbà ti bọ́ lẹ́nu àwọn náà, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu ara wọn. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín tèmi di ẹkún.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń kọ́ àkọ́sórí. Mo pè é níwájú dígí, mo pè é ní balùwẹ̀, mo pè é lójú ọ̀nà nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo bá wà lémi nìkan, ó ń jáde. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ yàrá bàbá, mo mí sínú, mo ní, "A..." Wọ́n wò mí tàánútàánú. "Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?" Mo ní rárá, sà.

Ní Ọjọ́rú, Janet fúnra rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni, kó lè sọ lọ́jọ́ kejì pé òun gbọ́ ọ létí òun. Ó ní, "Ó yá, kí wọn." Mo lanu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ káàárọ̀, sà." Janet pa ojú dé fún ìṣẹ́jú kan, ó sì yí padà lọ. Mo ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ títí ó fi dé ọ́fíìsì. Mo bínú sí ẹnu mi lọ́jọ́ náà bí ẹni ń bínú sí ọmọ tó ya aláìgbọràn.

Ọjọ́bọ̀ dé. Susan ti wà nínú ọ́fíìsì pẹ̀lú Janet àti obìnrin tó wá láti ọ́fíìsì àgbà. Èmi ń pín oúnjẹ, ọbẹ̀ ń dà sí etí abọ́. Ara bàbá yá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ń lọ wo nǹkan kan lórí máàpù àwọn. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ẹsẹ̀ bíi mélòó kan, orúnkún wọn bá yẹ̀.

Mo dì wọ́n mú, àwa méjèèjì jọ dé ilẹ̀. Ojú wọn funfun, ojú náà sì ti yí sókè. Ọmọbìnrin tí a jọ ń pín oúnjẹ sáré lọ tẹ aago tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́.

N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn kan ni mo gbọ́ tó gba gbogbo ilé oúnjẹ: "Arthur! Arthur! Ẹ má lọ! Arthur, ẹ dá mi lóhùn! Arthur o!" Èmi ni. Mo ń ra àyà wọn, mo ń pè wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ń gun ara wọn lẹ́nu mi.

Nílé wa, bí ènìyàn bá dákú, orúkọ rẹ̀ ni à ń pè. Ẹni tó ti ń lọ kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn sí bàbá. Bàbá pọ̀ láyé. Lọ́jọ́ tí bàbá bàbá mi dákú ní àgbàlá wa, ìyá àgbà, tí wọn kò jẹ́ kí orúkọ ọkọ wọn bọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn wọlé, ohùn wọn ló ròkè jù: "Sùlèmọ́nù! Sùlèmọ́nù, padà!" Ẹnikẹ́ni kò bá wọn wí. Àárín ìgbà tí ènìyàn ń lọ àti ìgbà tó ń bọ̀, kò sí àgbà níbẹ̀, kò sí ọmọdé.

Bàbá fa èémí. Ojú wọn padà sípò, wọ́n wá mi rí.

"Kí lò ń pariwo sí?" wọ́n ní. "Mo gbọ́ ọ."

Mo gbójú sókè, mo rí àwọn mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà: Janet, obìnrin ọ́fíìsì àgbà, àti Susan. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó parí. Lórí àìbọ̀wọ̀, wọ́n tún ti bá mi níbi tí mo ti ń pariwo mọ́ arúgbó lórí ilẹ̀.

Àwọn ọlọ́kọ̀ áńbúláǹsì dé, wọ́n yẹ bàbá wò, wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ló lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dìde, kí wọ́n máa mu omi dáadáa. A tẹ́ wọn sórí ibùsùn. Janet wá ní ìpàdé náà ṣì máa wáyé.

Obìnrin ọ́fíìsì àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "O lè pe orúkọ náà. Gbogbo wa la gbọ́. Kí ló dé tí o fi ń kọ̀ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

Mo ti kọ́ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ nínú orí mi láti ọjọ́ Ajé. Gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Torí pé wọ́n ń lọ ni mo ṣe pè wọ́n," mo ní. "Nílé wa, orúkọ àgbà kì í ṣe ohun tí à ń fi gbé tíì fún wọn. Bí mo bá ń pè é láàárọ̀, lọ́sàn-án, fún ọṣẹ, fún ìbọ̀sẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń lọ, kí ni mo fẹ́ fi dá wọn padà? Bí ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ pé n kò bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ míì kọ."

Mo ń wo etí tábìlì. Mo ti ń ro bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi.

Susan ló fèsì. Ó ní ìyá òun kú sí ilé ìwòsàn kí òun tó débẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi pé jẹ́ẹ́jẹ́ ló lọ, pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Wọ́n rò pé ó máa tù mí nínú." Ó nu imú rẹ̀. "Pa rọ́rọ́! Kò sí ẹnikẹ́ni tó pè é."

Ó ní òun gba ẹjọ́ òun padà. Obìnrin ọ́fíìsì àgbà ní kí á jọ wá orúkọ tí bàbá fúnra wọn fẹ́, Janet sì lọ bi wọ́n níṣojú gbogbo wa. Bàbá ní, "Òun? Bàbá Cornwall ló ń pè mí," bíi pé ìbéèrè náà kò mọ́gbọ́n dání. Mo lọ gbé tíì wọn wá.

Nígbà tí Susan ń lọ, ó dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Òjò ń ṣe wínníwínní.

"Ibi tí mò ń gbé jìnnà," ó ní. "Bí ó bá ṣẹlẹ̀, tí n kò tíì dé, ṣé wàá pè wọ́n fún mi? Kí o má dákẹ́ títí n ó fi dé?"

Mo tẹ orúnkún. "Màá pè wọ́n, mà."

Bàbá lo gbogbo ọyẹ́ ọdún náà lókè eèpẹ̀. Wọ́n kọ́ mi ní Cumberland, pé àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní àjèjì níbẹ̀, Cymry ni wọ́n ń pe ara wọn, ìyẹn àwọn tí a jọ jẹ́ ará ìlú kan, ibẹ̀ ni orúkọ ilẹ̀ náà sì ti wá. Mo gbé ìyẹn lọ sí yàrá mi bí ẹni gbé oúnjẹ gbígbóná. Èmi náà kọ́ wọn ní àwọn àdúgbò Abẹ́òkúta, wọ́n sì máa ń pe Ìgbẹ̀in bí ẹni tó ní iyọ̀ lẹ́nu. Ìyá mi máa ń bi mí léèrè wọn lórí fóònù. Wọ́n á ní, "Bàbá ẹ ńkọ́?"

Ìgbà tí òtútù ń ká kúrò nílẹ̀ ni ọjọ́ náà dé, ní òwúrọ̀. Èémí wọn yí padà nígbà tí mo ń nu ojú wọn. Nọ́ọ̀sì wò wọ́n, ó ní kò sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe mọ́. Janet pe Susan, Susan sì ní òun ti bọ́ sójú ọ̀nà. Janet pín àwọn yàrá mi fún àwọn ẹlòmíràn, ó fa ilẹ̀kùn dé fún mi.

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Arthur. N kò pariwo. Bí ẹni ń pe ènìyàn wá jẹun ni. Arthur. Mo pè títí ohùn mi fi há. Mo mọ ìgbà tí ọwọ́ náà kò dì mí mú mọ́. Mo mọ̀ pé wọn kò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n Susan ṣì wà lójú ọ̀nà, mo sì ti ṣèlérí, n kò dákẹ́.

Ó ti ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú kóòtù tó tutù. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì ibùsùn, ó di ọwọ́ kejì mú, àwa méjèèjì sì jọ ń pè wọ́n.